Ẹ̀gbọ́n Tó Ń Bá Aláìsàn Dáhùn

Ẹ ka ìtàn yìí dé ìlà tó gbẹ̀yìn kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tẹ̀ lé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn ni mò ń bá wí, àti ẹ̀yin aláìsàn tí ẹ máa ń jókòó bí ère nígbà tí ẹlòmíì ń rojọ́ ara yín.

1.
Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, aránṣọ sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n ló ni ṣọ́ọ̀bù tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àbúrò ló ń gé aṣọ, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n gé tó o níbẹ̀. Gbẹnusọ ni àwọn oníbàárà ń pe ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá bi àbúrò pé, "Ṣé ẹ ti jẹun?", Gbẹnusọ ni yóò dáhùn: "Ó ti jẹun, ó ti yó." Àbúrò á kàn rẹ́rìn-ín. Ìtẹríba ló pe ìyẹn.

2.
Àyẹ̀wò fi hàn pé àbúrò ní jẹjẹrẹ ọyàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa oògùn sí i níṣan. Irun rẹ̀ re, èékánná rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n kókó ọyàn náà ń kéré sí i. Oògùn ń ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì jókòó tì í, ó ní:

"Màmá, oògùn yìí ń bá jẹjẹrẹ jà fún yín, ṣùgbọ́n nígbà mìíràn ó máa ń ṣe ẹ̀dọ̀fóró léṣe. Bí ikọ́ gbígbẹ bá bẹ̀rẹ̀, bí ara yín bá gbóná, tàbí tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn tí èémí yín ń já, ẹ wá lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí a dá fún yín."

"A ti gbọ́," ni Gbẹnusọ dáhùn.

"Màmá ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mà."

"Ẹnu kan náà la fi ń jẹun nílé wa!"

3.
Ikọ́ dé. Kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Gbígbẹ ni, ó ń dún bí ìgbà tí wọ́n bá ń ya aṣọ líle. Àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù tí àbúrò máa ń sáré gùn tẹ́lẹ̀ wá dà bí òkè. Á dúró ní ìdajì, á di irin mú, á máa mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká lọ fi ikọ́ yìí han nọ́ọ̀sì."

"Ikọ́ wo? Eruku aṣọ ni! Ṣé kí wọ́n lè dá abẹ́rẹ́ rẹ dúró, kí ìtọ́jú tún wá falẹ̀? Yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé ń bẹ nílẹ̀. Ta ni yóò gé e? Òkú?"

Ẹ gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀gbọ́n!

Ọmọ àbúrò, onídìrí ni, kò lè mú un mọ́ra. "Mọ́mì Àgbà, mọ́mì mi ò lè parí gbólóhùn kan mọ́ kí wọ́n tó sinmi."

"Ìwọ onídìrí, ìgbà wo lo di dókítà? Jókòó sídìí irun rẹ."

4.
Ọjọ́ abẹ́rẹ́ pé. Lọ́nà, Gbẹnusọ ra súìtì tó ń tu ọ̀nà ọ̀fun, ó fi sí àbúrò rẹ̀ lẹ́nu. "Máa lá a. Tí ikọ́ bá fẹ́ jáde, gbé e mì."

Nọ́ọ̀sì béèrè: "Ṣé ikọ́ wà?"

"Rárá," ni Gbẹnusọ wí.

"Èémí ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ò rí i pé ó ń mí ni?"

Nọ́ọ̀sì kọjú sí aláìsàn. "Màmá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Àbúrò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó gbé ikọ́ mì. "Bẹ́ẹ̀ ni."

Mi ò da nọ́ọ̀sì láre o. Ó yẹ kó fetí sí àyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló purọ́? Wọ́n fa oògùn náà sí i.

5.
Orí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni àbúrò ṣubú sí, pẹ̀lú ìdì aṣọ yunifọ́ọ̀mù láyà. Nílé ìwòsàn, dókítà gbé àwòrán àyà rẹ̀ síwájú iná.

"Ìgbà wo ni ikọ́ yìí bẹ̀rẹ̀?"

"Àná ni—" Gbẹnusọ ti la ẹnu.

Àbúrò gbọ́wọ́ sókè láti dá a lẹ́kun, ṣùgbọ́n kò rí èémí sọ̀rọ̀.

"Irọ́ ni, dókítà!" Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́kún. "Ó ti pẹ́! Mọ́mì Àgbà ló ní kí wọ́n máa gbé e mì!"

Dókítà mí kanlẹ̀. "Ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kó rọ̀ bíi fóòmù ti ń le bí awọ. Ká ní ẹ tètè sọ ni, à bá ti dá oògùn yẹn dúró, ká tọ́jú àyà rẹ̀, ká sì wá òmíì tí a ó fi bá jẹjẹrẹ jà. Ibi tó ti le, a ò lè dá a padà."

6.
Kò kú. Ilé ọmọ rẹ̀ ló ń gbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ọ́síjìn, pẹ̀lú rọ́bà nímú. Kò lè gun àtẹ̀gùn kankan mọ́. Àwọn oníbàárà ti kó aṣọ wọn. Àlùmọ́gàjí tó fi ń gé aṣọ ń dípẹtà lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kan, Gbẹnusọ gbé ọsàn wá, ó kan ilẹ̀kùn.

"Mọ́mì, ẹ̀gbọ́n yín ni. Ṣé kí n ṣí i?"

Kí ìyá ọmọ tó la ẹnu, ohùn ti dún níta: "Ṣí i, ọmọ mi! Ó ní kí n wọlé!"

Àbúrò fa rọ́bà kúrò nímú. Ó ń kó èémí jọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí èémí tó láti sọ̀rọ̀, ó ní:

"Rárá."

Ó dá rọ́bà padà. Ilẹ̀kùn kò ṣí.

Ẹ gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹ sá fún oògùn jẹjẹrẹ. Oògùn náà ló ń lé ikú. Kì í sì í ṣe gbogbo ikọ́ ló ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ṣùgbọ́n dókítà ni yóò sọ èyí tó jẹ́, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe ọkọ, kì í ṣe súìtì. Ìwọ tí ò ń sin aláìsàn lọ, pa ẹnu rẹ mọ́ kó rojọ́ ara rẹ̀. Ìwọ aláìsàn, ìtẹríba kò sí nínú èémí. Sọ ọ́, bí ojú àgbà tilẹ̀ pọ́n bí iná.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.