Ìyá Ìbídùn àti Ìkòkò Tó Wó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, kí n sọ fún yín nípa obìnrin kan ní Ìpetumodù, ìlú tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò láti ayébáyé. Ìkòkò kọ́ ni òun ń mọ, búrẹ́dì ló ń ṣe. Ìyá Ìbídùn ni wọ́n ń pè é, búrẹ́dì rẹ̀ sì dùn débi pé àwọn tó ń lọ sí Ifẹ̀ máa ń yà rà á. Òṣìṣẹ́ kára ni, ọ̀làwọ́ sì ni. Ìwà kan ló kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀: kò gbà pé ọwọ́ ẹlòmíràn lè ṣe nǹkan kó dára. Ìbídùn ọmọ rẹ̀, tí ewú ti ń yọ lórí òun náà, kò tíì po ìyẹ̀fun rí kí ìyá rẹ̀ má tún un pò.

Bẹ́ẹ̀, ìkòkò gan-an ló wà lọ́kàn ìyá yìí. Amọ̀kòkò ni ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ní kékeré, Ìyá Ìbídùn máa ń pọn omi fún ìyá àgbà yìí, á sì jí amọ̀ díẹ̀ fi mọ ìṣaasùn tirẹ̀. Kò tíì mọ iṣẹ́ náà tán tí wọ́n fi mú un lọ sọ́dọ̀ ìbátan kan n'Íbàdàn, ibẹ̀ ló ti kọ́ búrẹ́dì. Láti ìgbà náà, kò lè kọjá níwájú àwọn amọ̀kòkò kó má dẹ ẹsẹ̀. Á ní, "Ọdún Àjíǹde yìí ni mo máa fi ààrò sílẹ̀, tí màá lọ kọ́ ìkòkò." Ọdún Àjíǹde á dé, á lọ, ìyá á ṣì wà nídìí ààrò. Gbogbo àdúgbò ló fi ń ṣe é ní yẹ̀yẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fẹ́ mú ọ̀bẹ kó fi gé ìyẹ̀fun, àwọn ìka rẹ̀ kọ̀, wọn ò ká. Ọ̀bẹ bọ́ sílẹ̀. Ìbídùn mú un nílẹ̀, ó sì wo ọwọ́ ìyá rẹ̀.

"Màmá, ìkòkò tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ mọ yẹn, ṣé ìgbà tí ọwọ́ ò bá ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ máa tó mọ ọ́n?"

"Ta ló máa wá ṣe búrẹ́dì? Ìwọ?"

"Èmi ni, màmá."

Inú bí ìyá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà á ju bí inú ṣe bí i lọ. Ó mọ̀ pé bí òun ò bá lọ báyìí, òun ò ní lè lọ mọ́. Nígbà tí ìka rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀, ó wé gèlè, ó forí lé ọ̀dọ̀ Sàlámátù, ọ̀gá àwọn amọ̀kòkò. Sàlámátù kéré sí i lọ́jọ́ orí, ó sì gbà á tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Ọwọ́ tó ti ń po ìyẹ̀fun látọjọ́ pípẹ́ tètè mọ bí a ṣe ń lo amọ̀. Kí oòrùn tó mú, ìkòkò ti dìde, ikùn rẹ̀ yọ dáadáa. Omi lé sójú ìyá fún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ó rí ibì kan tí kò jọ̀lọ̀ létí ìkòkò, ó fọwọ́ ra á. Ó tún rí òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rẹ ọwọ́ sómi, ó tún fi ra á.

Sàlámátù ní, "Ẹ yọwọ́, màmá. Ó ti tó."

"Díẹ̀ ló kù."

"Kò ku nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bẹ́ ẹ bá ń fọwọ́ kàn án ṣáá, kò ní le."

Ìyá ò gbọ́. Ó tún rẹ ọwọ́ sómi. Ni ẹ̀gbẹ́ ìkòkò bá tẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì wó sílẹ̀ níwájú rẹ̀.

Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín, Sàlámátù ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Amọ̀ yẹn dáa, màmá. Ọwọ́ yín náà dáa. Ẹ ò kàn mọ ìgbà tó yẹ kẹ́ ẹ yọ ọ́ ni."

Ìyá ń wo amọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ Ìbídùn ọmọ rẹ̀ ló wá sí i lọ́kàn.

Nígbà tó délé, Ìbídùn ti ki ọwọ́ bọ ìyẹ̀fun dé ìgúnpá. Ìyá la ẹnu láti bèèrè bóyá ó ti fi iyọ̀ sí i, ó sì tún pa ẹnu rẹ̀ dé. Mo sọ fún yín, gbogbo búrẹ́dì tó ti ń ṣe láyé rẹ̀, kò sí èyí tó ṣòro fún un tó ẹnu pípadé yẹn! Ó tú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù létí ìró rẹ̀, ó gbé e síwájú ọmọ rẹ̀.

"Ìwọ lo ni ín láti òní lọ. Mi ò ní tún ìyẹ̀fun rẹ pò mọ́."

Ìbídùn bú sẹ́kún.

Búrẹ́dì kọ́kọ́ le bí òkúta, àwọn oníbàárà sì kùn. Ìyá gbọ́ ọ níbi tó ti ń gún amọ̀, kò dìde lọ bá a tún un ṣe. Nígbà tó yá, ọwọ́ Ìbídùn mọ́ iṣẹ́, adùn padà. Ìkòkò ìyá náà fọ́ nínú iná, ó tún òmíràn mọ. Àwọn ọmọdébìnrin tó lè bí lọ́mọ ń tọ́ ọ sọ́nà, òun tó ti fìgbà kan jẹ́ ọ̀gá, á sì ní, "Ẹ ṣé o." Obìnrin yẹn wù mí gidigidi.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, ìkòkò omi ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, tó tutù, tó sì dúró ṣinṣin. Arìnrìn-àjò kan jẹ búrẹ́dì, ó bu omi mu, ó ní, "Màmá, búrẹ́dì yín mà dùn o!"

Ìyá Ìbídùn rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi ló ni búrẹ́dì. Èmi ni mo ni ìkòkò tó o ti bu omi."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ nìyí. Ẹni tó ṣiṣẹ́ rere gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tó yẹ kó yọwọ́, kí ohun tó fọwọ́ rẹ̀ ṣe lè dá dúró, kí òun náà sì lè ráyè ṣe ohun tí ọkàn rẹ̀ ti ń fẹ́ tipẹ́. Ẹ má sì dúró dìgbà tí ìka ò bá ká mọ́.