Àdídùn Tí Ìyá Kọ Sórí Ahọ́n

Ẹ má ka ìtàn yìí dé àárín kẹ́ ẹ wá máa fi ránṣẹ́ bí ẹni tó gbọ́n. Ẹ kà á kanlẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí fóònù wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín, tí sìgá wà lọ́wọ́ òsì. Ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá wí.

1.
Ọkùnrin kan wà nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àdídùn àgbàlagbà. Kì í ṣe tọmọdé o. Ṣokoléètì tí ọtí líle wà nínú rẹ̀, bisikíìtì tó ń ta lẹ́nu bí ata, sìgá kékeré tí wọ́n rì bọ oyin, kí ẹni tó ń pa ara rẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín lọ. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kó máa tọ́ nǹkan wò kó tó jáde. Ahọ́n-Wúrà ni wọ́n ń pè é. Tó bá fi ṣokoléètì kan ẹnu, á ní, "Ẹni tó ro èyí ń kánjú. Ó jóná nísàlẹ̀." Wọ́n á wo ìsàlẹ̀ ìkòkò, wọ́n á bá a bẹ́ẹ̀.

Òfin iṣẹ́ náà kò pọ̀: tọ́ ọ wò, tu ú sínú abọ́, fi omi yọ ẹnu. Ní ti sìgá, imú ni kó o fi yẹ̀ ẹ́ wò, má ṣáná sí i.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ àdídùn ṣe ju ilé iṣẹ́ yẹn lọ: ìyá rẹ̀. Màmá náà máa ń jó ṣúgà pọ̀ mọ́ èèpo ọsàn, á ti ilẹ̀kùn ìdáná, á wá sọ nǹkan kẹta kan sí i tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Àbúrò Ahọ́n-Wúrà obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ télọ̀, bẹ ìyá títí kó kọ bó ṣe ń sè é sínú ìwé.

"Kí ni mo fẹ́ kọ?" ni ìyá wí. "Ahọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo kọ ọ́ sí. Ọjọ́ tí mi ò bá sí mọ́, yóò kà á fún ẹ."

Ọdún yẹn kò parí tí ìyá fi kú.

2.
"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sè é lọ́sẹ̀ yìí," ni àbúrò wí. "Ó ti ń wù mí jẹ."

"Ṣé ó ń sá lọ ni? Ẹnu mi ló wà. Ẹnu mi ò sì ní ẹsẹ̀."

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọlọ́gbọ́n.

Lọ́jọ́ kan, ó ń kọjá níbi tí wọ́n ti ń di sìgá olóyin. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́. Ó mú ọ̀kan, ó ṣáná sí i. Èéfín náà gòkè, òórùn rẹ̀ dà bíi ti ṣúgà tó ń jó nínú ìkòkò Màámi. Ó di ojú. Fún ìṣẹ́jú kan, ilẹ̀kùn ìdáná wà ní títì, ìyá rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà.

Kí lẹ rò pé ó ṣe lọ́jọ́ kejì? Ó tún lọ wá ìyá rẹ̀ nínú èéfín. Nígbà tí èéfín kò gbé e dé ibẹ̀ mọ́, ó fi ọtí tì í. Ṣokoléètì tó yẹ kó tu dànù, ó ń gbé e mì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Màdáàmù tó ni ilé iṣẹ́ dúró tì í. "Ahọ́n-Wúrà, abọ́ rẹ gbẹ."

"Màdáàmù, abọ́ náà ń gbààwẹ̀ ni."

"Ṣọ́ra kó má jẹ́ ìwọ lo máa gbààwẹ̀ gbẹ̀yìn."

3.
Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ẹni tó ń se ṣúgà ṣèèṣì da iyọ̀ sínú ìkòkò. Ó ti mọ àṣìṣe rẹ̀, ó dúró, ó ń retí èébú. Ahọ́n-Wúrà fi ṣíbí kan ẹnu, ó mirí bíi wòlíì, ó ní, "Ó péye."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Màdáàmù tọ́ ọ wò, ó tu ú.

"Kí lo tọ́ wò yẹn?"

"Ṣúgà."

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wọn.

Dókítà yẹ ẹnu àti imú rẹ̀ wò. "Èéfín àti ọtí ti jó ibẹ̀. Ó lè padà, ó lè má padà." Òórùn sìgá ń jáde lára aṣọ dókítà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ á fi ìyẹn sílẹ̀.

Wọ́n gbé Ahọ́n-Wúrà lọ síbi tí wọ́n ti ń lẹ páálí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹun kò pẹ́ rárá: Páálí-Wúrà ni wọ́n sọ ọ́.

4.
Ìgbà náà ló wá sáré tọ àbúrò rẹ̀ lọ. "Jẹ́ ká sè é lónìí."

Wọ́n sè é ní Sátidé, wọ́n tún sè é ní Sátidé kejì. Ó mọ ṣúgà, ó mọ èèpo ọsàn. Ohun kẹta yẹn, ẹnu ló fi mọ̀ ọ́n, kì í ṣe orí. Ó ń da oríṣiríṣi sínú ìkòkò, àbúrò ń tọ́ ọ wò.

"Kì í ṣe òun, Bọ̀ọ̀dá."

"Kí ló kù sí i?"

"Tí mo bá mọ̀ ọ́n, ṣé aṣọ ni ǹ bá máa rán?"

Níkẹyìn, àbúrò ń tú aṣọ ìyá wọn láti yọ bọ́tìnì, ó bá agolo kékeré kan pàdé nínú àpò kóòtù. Ẹyọ àdídùn méjì péré ló wà nínú rẹ̀, tí ìyá fi bébà wé. Ó gbé e wá bí ẹni gbé ẹyin. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì tó fi ń gé aṣọ, ẹ̀gbọ́n mú ọ̀kan, àbúrò mú ọ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n di ojú. Ó yí i sábẹ́ ahọ́n, ó yí i sẹ́rẹ̀kẹ́, ó dúró dè é. Bí ẹni ń jẹ àbẹ́là ni. Nígbà tó lajú, omijé ti ń bọ́ lójú àbúrò rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ó wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Báwo ló ṣe rí? Sọ fún mi kó tó yọ́ tán."

Àbúrò nu ojú rẹ̀. "Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, Bọ̀ọ̀dá. Ó ṣáà dà bíi Màámi."

Ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kò ní ahọ́n mọ́. Ẹni tó ní ahọ́n kò ní ọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ń wo ẹnu àbúrò rẹ̀ títí àbúrò fi gbé èyí tó kù mì.

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣọ́ra. Èéfín tí wọ́n fi oyin pa lára, èéfín náà ni. Ohun tí òbí fi sí yín lọ́wọ́ tàbí lẹ́nu, ẹ lò ó lónìí, ẹ má sọ pé kò ní ẹsẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ń ṣàárò ẹnì kan, ẹ má lọ wá a nínú ohun tó máa jó ọ̀nà tẹ́ ẹ fi mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ kó tó di pé wọ́n ń ri sìgá bọ oyin: ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.