Ẹ̀rọ Ẹ̀yìn Òpó

“Àǹtí, ẹ fi àga yẹn sílẹ̀, àná lẹ jókòó níbẹ̀!”

“Màá sì tún jókòó lónìí!”

Ọ̀gá aránṣọ mí kanlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lọ́sẹ̀ yìí tí méjì nínú àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ ń jà nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn òpó. Ó ti bẹ̀ wọ́n, ó ti bú wọn, ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

“Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?”

“Kò sí nǹkan kan, mà.” Ohùn wọn ṣọ̀kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí gbogbo wọn jáde lọ jẹun, ó lọ jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún ń já òwú, atẹ́gùn fáànù ò dé ibẹ̀, ibẹ̀ sì ṣókùnkùn. Kí ni wọ́n wá ń jà lé lórí?

Ó gbójú sókè. Ó rí ilẹ̀kùn, ó rí fèrèsé, ó rí gbogbo ẹ̀rọ yòókù. Ohun kan ṣoṣo ni òpó bò mọ́ ọn lójú: tábìlì tirẹ̀, níbi tó ti máa ń ṣọ́ wọn.

Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n bá a tó ń wọ́ tábìlì náà lọ sẹ́yìn òpó.

“Ẹ bá mi gbé e.”

Àwọn méjèèjì sáré gbá tábìlì náà mú. Wọn ò jà; ibi ìsápamọ́ ò sí mọ́.