Oògùn Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Ṣìkẹ́mi

Ìyá Ṣìkẹ́mi ti ti ilẹ̀kùn gíláàsì ilé oògùn náà wọlé kí ó tó rí i pé kò sí oníbàárà mìíràn níbẹ̀. Inú rẹ̀ dùn sí i. Ó yọ ìwé pélébé kan nínú báàgì rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ síwájú Nusaibah, ọ̀dọ́bìnrin apòògùn tó ń ta oògùn nítòsí ibùdókọ̀ Pleasure. Orúkọ oògùn méjì ló wà lórí ìwé náà. Télọ̀ ni Ìyá Ṣìkẹ́mi. Lẹ́tà rẹ̀ tò lọ gbọọrọ bí ojú ẹ̀rọ.

"Ṣé ẹnì kan lè lo méjèèjì pa pọ̀?"

Nusaibah wo ìwé náà pẹ́. Ó béèrè ẹni tó ń lò ó. Ìyá Ṣìkẹ́mi ní ọkọ òun ni.

"Ẹ jókòó ná, mà. Èyí tó wà lókè, ti jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni. Ti ìsàlẹ̀, ti ọkàn tí kì í lù déédéé ni. Oògùn gidi ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pàdé lára ẹnì kan ṣoṣo, ọkàn lè dédé dàrú, ó lè dúró. Àbí dókítà kan náà ló kọ ọ́ ni?"

Dókítà kan náà kọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Ṣìkẹ́mi, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń dá lọ rí dókítà ọkàn láti ọdún márùn-ún. Ti ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀. Ìyá Ṣìkẹ́mi, àti Ṣìkẹ́mi ọmọ wọn lórí fóònù láti Kánádà, ló bá dókítà ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ọsibítù mìíràn, tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó má dárúkọ àrùn náà sí Bàbá létí. Wọ́n sọ fún Bàbá pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni kò tó. Ẹ̀gbọ́n Bàbá kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n dárúkọ irú àrùn bẹ́ẹ̀ fún. Ó kọjú sí ògiri, kò jẹun mọ́, kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi sin ín. Nítorí náà, láti oṣù Kẹta, láràárọ̀, kí Bàbá tó mu ògì, Ìyá Ṣìkẹ́mi á fi kápúsù kan sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, á sì pè é ní oògùn ẹ̀jẹ̀.

Nusaibah ní kó má fúnra rẹ̀ dá èyíkéyìí dúró. Ó ní àfi kí àwọn dókítà méjèèjì gbọ́, kíákíá. Ó kọ lẹ́tà sí dókítà ọkàn, ó sì fi lé e lọ́wọ́.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé e padà sí Gowon Estate ni Ìyá Ṣìkẹ́mi ti ka lẹ́tà náà. Orúkọ àrùn náà wà ní ìlà kejì. Kò sí bí dókítà ṣe máa rí i tí Bàbá kò ní gbọ́. Ó ká a sí mẹ́rin, ó tì í sábẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Ó rò ó bó ṣe ń ránṣọ. Oṣù Kẹfà ni wọ́n wà, Ṣìkẹ́mi sì ń bọ̀ láti Kánádà ní oṣù Kejìlá. Àwọn méjèèjì lè jọ sọ ọ́ nígbà náà. Kó tó di ìgbà yẹn, oògùn kan ní láti yà fún èkejì. Jẹjẹrẹ ń fẹsẹ̀ rìn ni, ó máa ń pẹ́ lọ́nà. Ọkàn tó bá fẹ́ dúró kì í ránṣẹ́ síwájú.

Ọdún márùndínlógójì ni Bàbá fi máàkì ìwé ọmọ ilé-ìwé. Kápúsù tó bá yí àwọ̀ padà, ojú rẹ̀ á mú un. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, nígbà tí Bàbá lọ sípàdé àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìyá Ṣìkẹ́mi ṣí àwọn kápúsù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó da inú wọn nù, ó fi gúlúkóòsì dí wọn, ó sì dé wọn padà. Bó ṣe ń ṣe sí gbogbo èyí tó rà lẹ́yìn náà nìyẹn. Ó sún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Bàbá di oṣù Kejìlá.

Ara yíyún tó ń da Bàbá láàmú kásẹ̀ nílẹ̀. Ó ń súfèé bó ṣe ń fá irùngbọ̀n. Oúnjẹ nìkan ló dín kù. Síbí mẹ́ta, á ní ikùn òun ti kún. Ìyá Ṣìkẹ́mi gba ìdí ṣòkòtò rẹ̀ mẹ́ta wọlé.

"Bó o ṣe ń gé e yìí," ni Bàbá wí, "ṣòkòtò péńpé àwọn ọmọ ilé-ìwé mi ló kù tí màá máa wọ̀."

Ní oṣù Kẹsàn-án, ó ti ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní wọ́n sọ pé ọkàn òun ń lù bíi ti ọ̀dọ́kùnrin. Ìyá Ṣìkẹ́mi fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀. Láti oṣù mẹ́ta, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó jókòó lọ́wọ́ òfìfo.

Bàbá kò jókòó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ń dúró dè é ní ibùdókọ̀ Command. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́.

"Ìyá Ṣìkẹ́mi, mo mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni."

Ó ní láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni. Lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ náà, òun kò gbé kápúsù mì. Òun fi áńkáṣíìfù di í, òun ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lára rẹ̀, òun sì gbé e lọ bá dókítà ọkàn. Ó ní òun kò sọ ọ́ nítorí òun rí i pé bíbò yẹn ló gbé ìyàwó òun dúró.

Ìyá Ṣìkẹ́mi ti kúnlẹ̀. Omi ń dà lójú rẹ̀.

"Ẹ mọ̀, ẹ sì ń gbà á lọ́wọ́ mi láràárọ̀?"

"Ọwọ́ ta ni ǹ bá tún ti gbà á?"

"Ọkàn yín ńkọ́? Wọ́n ní oògùn méjèèjì máa ń bá ara wọn jà."

"Oṣù Kẹta náà ni dókítà ti pààrọ̀ oògùn ọkàn mi sí èyí tí kò ní bá tìrẹ jà, inú ike àtijọ́ ni mo kàn ń dà á sí kó o má baà fura, ó sì ní kí n má jẹ́ kí kápúsù rẹ yẹn fò mí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, torí òun ni mo fi wà láyé," ni Bàbá wí, ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde lọ.