Télọ̀ Tó Ní Òun Rí I

Ẹ̀yin ará, ẹ má ka ìdajì ìtàn yìí kí ẹ wá pa á tì o. Ẹ fara balẹ̀ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọdẹ, àti ẹ̀yin tí ó máa ń ṣòro fún láti sọ pé, "Mo ṣàṣìṣe."

1.
Télọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí iṣẹ́ aṣọ rírán ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n bó bá ti di Sátidé, òun, ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ tó ń wa katakata, àti ọ̀rẹ́ wọn kan tó jẹ́ káfíńtà, wọ́n á jọ wọ igbó lọ ṣọdẹ.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ yìí ní awò kan, irú èyí tó ní ojú méjì tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn. Kì í ṣe olówó gọbọi, kì í sì í ṣe gbàrọgùdù. Ó kàn ń ríran dáadáa ni. Ìgbàkígbà tó bá gbé e sójú, tó ní, "Ẹ dúró, èèyàn ló wà níbẹ̀ yẹn," ara Télọ̀ á máa ta. Kí ló dé tó jẹ́ ẹnu ọkùnrin yìí nìkan ni wọ́n ń wò?

2.
Télọ̀ gba ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń ta awò, tó sì ń tún un ṣe, lọ. Obìnrin náà kó awò ọdẹ mẹ́ta síwájú rẹ̀: ọ̀kan wọ́n kọjá agbára rẹ̀, ọ̀kan wà láàárín, ọ̀kan sì pọ̀ọ́kú, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ "100" gàdàgbà sí i lára.

"Ẹ̀gbọ́n, ti àárín yìí ni kí ẹ mú," obìnrin náà ní. "Ìlọ́po mẹ́jọ péré ló ń sọ nǹkan di ńlá, ṣùgbọ́n dígí rẹ̀ fẹ̀, ó ń ríran ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́. Òjò ò sì lè wọ inú rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà, ẹ fi ka pátákó tó wà lọ́hùn-ún yẹn."

Télọ̀ ò dìde. "Mẹ́jọ? Mẹ́jọ náà ni ti àna mi! Ọlọ́gọ́rùn-ún yìí ńkọ́?"

"Ẹnu lásán ni ọgọ́rùn-ún yẹn, Ẹ̀gbọ́n. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ òótọ́, ọwọ́ ta ni kò ní gbọ̀n?"

"Ẹ ṣáà bá mi dì í."

Obìnrin náà mi orí. "Ó dáa. Tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ dá a padà láàárín ọjọ́ méje."

3.
Kí Télọ̀ tó délé, gbogbo àdúgbò ti gbọ́. "Ìlọ́po ọgọ́rùn-ún! Eèrà tó bá ń rìn lórí òkè lọ́hùn-ún, màá rí i!" Wọ́n sọ ọ́ ní Ojú Àwòdì lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó wọlé, ó jókòó sójú fèrèsé, ó gbé awò sójú. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Òrùlé ilé kejì ń jó bí ọ̀mùtí. Ohun kan ṣoṣo di méjì. Láìpẹ́, orí bẹ̀rẹ̀ sí fọ́ ọ.

"Ẹ dá a padà kí ọjọ́ tó kọjá," ìyàwó rẹ̀ ní.

"Kí n wá sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ pé kí ni? Kí gbogbo ayé máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀?"

Ọjọ́ méje kọjá.

4.
Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ ṣe há a mọ́lẹ̀. Sátidé tó tẹ̀ lé e, àna rẹ̀ fi awò tirẹ̀ sílẹ̀ sílé. "Kí ni mo fẹ́ fi mẹ́jọ ṣe níbi tí ọgọ́rùn-ún wà?" ó rẹ́rìn-ín. "Àna mi, ìwọ ni ojú wa báyìí."

Ó yẹ kí inú Télọ̀ dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń bà á. Wọ́n gbé e jókòó sórí àpáta, ó ń fi àbá lásán sọ ohun tó wà lọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àbá rẹ̀ ṣe wẹ́kú. Bí wọ́n ṣe ń kan sáárá sí i ni ọ̀nà àtisọ òótọ́ ń dí mọ́ ọn. Bí ọjọ́ Jímọ̀ bá ti dé, ibi tó ti ń ránṣọ ló ti ń wo ojú ọ̀run. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí òjò rọ̀ kí wọ́n má lè lọ.

Òjò náà rọ̀ lóòótọ́ ní Sátidé kẹta, àmọ́ inú igbó ló bá wọn. Nígbà tó dá, ilẹ̀ ti ń ṣú lọ. Àna rẹ̀ ti ṣáájú lọ wo ojú ẹsẹ̀ ẹran, Télọ̀ àti Káfíńtà nìkan ló kù lórí àpáta. Ni nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ kan bá mì nínú koríko etí odò.

Káfíńtà gbé ìbọn. "Ojú Àwòdì, bá mi wò ó. Ẹranko ni àbí èèyàn?"

Télọ̀ gbé awò sójú. Omi ti wọ inú dígí. Funfun ni gbogbo rẹ̀, bí ẹni ń wo inú ìkòkò tó ń hó. Ó lanu láti sọ pé òun ò ríran. Ẹnu rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Ṣé o rí i?"

"Mo rí i."

"Ẹranko ni?"

"Ẹranko ni. Yìnbọn!"

Ìbọn dún. Ohùn tó dáhùn láti etí odò, ohùn èèyàn ni. "Yéè! Èmi ni o! Èmi ni!"

5.
Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ ni. Ó lóṣòó láti bu omi mu ni. Kò kú, ṣùgbọ́n àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ láti orúnkún. Ọlọ́pàá mú Káfíńtà lọ.

Ìyàwó Káfíńtà gbé oyún wá sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, ó dúró ti ẹ̀rọ ìránṣọ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ fún wọn pé ẹ fi ojú yín rí i bí ẹranko. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè gba ọkọ mi sílẹ̀." Télọ̀ ní kó máa lọ sílé ná. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ó lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò gbójú sókè wò ó.

"Àna mi, kí lo rí lọ́jọ́ náà?" ọkùnrin náà bi í.

"Mi ò rí nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Láti ọjọ́ tí mo ti ra awò yẹn, mi ò fi rí nǹkan kan rí."

Ọkùnrin náà ní, "Ká ní o sọ fún mi ni, ǹ bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, ǹ bá gbé tèmi dání."

Láti ibẹ̀ ni Télọ̀ ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí tésàn ọlọ́pàá, ó lọ jẹ́wọ́. Òun àti Káfíńtà ló jọ ń jẹ́jọ́ báyìí. Ìyàwó rẹ̀ kò tíì padà sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí dé ibí, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ ra awò ọdẹ, ẹ má wo nọ́ńbà gàdàgbà. Ẹ wá èyí tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n, tó ń ríran ní ìrọ̀lẹ́, tí omi ò lè wọ̀, kí ẹ sì dán an wò kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ bá sì ti ra èyí tí kò dáa, ẹ dá a padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí ẹni tó gbé ìbọn bá bi yín ní ohun tí ẹ rí, tí ojú yín ò tó o, ẹ sọ pé, "Mi ò rí i." Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ọdẹ tí ẹ mọ̀, kí wọ́n tó wọ igbó ní Sátidé tó ń bọ̀.