Ohun Tí Eku Gbàgbé

Ọkọ̀ kan gbá Ọlágòkè pa lójú ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ nígbà tí òun àti àbúrò rẹ̀, Mojọlá, ń ti oko iṣu bọ̀. Ọkọ̀ náà kò dúró. Ojú Mojọlá rí nọ́ńbà rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n nígbà tó dé àgọ́ ọlọ́pàá ní Ṣakí, orí rẹ̀ ṣófo. Wọ́n ní bí kò bá rí i sọ títí di ọjọ́ Ẹtì, àwọn á pa fáìlì náà dé.

Tíṣà Cornelius tó ń kọ́ Mojọlá ní báyọ́lọ́jì nílé ìwé ló ní òun á ràn án lọ́wọ́. Kò tíì pé oṣù kan tó dé ilé ìwé náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹsẹ̀ ló sì ń fi rìn wá síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ajé, nínú yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ó ju eku kan sínú àpótí tó ní ọ̀nà kọ́rọ̀kọ́rọ̀. Eku náà sáré tààrà lọ síbi àgbàdo. Tíṣà wá lu abọ́ irin kan létí rẹ̀, gbà! Ó dá a padà sínú àpótí. Eku ń ta gìrì káàkiri, kò rí àgbàdo mọ́.

"Bí ẹ̀rù bá bà wá, ara máa ń tú omi kan sínú ẹ̀jẹ̀," ni tíṣà wí. "Bó bá pọ̀, á dí ọ̀nà ìrántí. Ohun tí eku yìí mọ̀ kò parẹ́ o. Bí ara bá balẹ̀, á padà wá."

Ọkàn Mojọlá fúyẹ́ díẹ̀.

Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tíṣà fi aṣọ dúdú bo kéèjì àwọn eku. Ó ní ìmọ́lẹ̀ ń yọ wọ́n lẹ́nu. Lábẹ́ aṣọ náà, kò sí èyí tó mira.

"Dijú," ni tíṣà wí fún Mojọlá. "Kí lo rí?"

"O, Y, sà. Lẹ́yìn náà méjì... méje..."

Gbà!

Mojọlá fò sókè.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Àwọn eku ni mo lù ú fún, àsìkò wọn ló tó. Lẹ́yìn méje ńkọ́?"

Ó ti lọ.

Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́jọ́rú. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, bí tíṣà bá ti na ọwọ́ lásán, Mojọlá á ti máa gbọ̀n. Ẹni tí ejò ti bù jẹ rí, bó rí ẹkòló, á sá. Méjì àti méje pàápàá ti ń pòórá. Ẹ̀rù bà á gan-an pé ikú ẹ̀gbọ́n òun á lọ lásán.

"Ṣé o ti sọ ìwọ̀nba tí o rántí fún ọlọ́pàá?"

"Rárá, sà. Ó di ìgbà tó bá pé."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Mojọlá tètè dé. Bàbá Àpọ́nlé, tó ń tọ́jú yàrá náà, nìkan ló bá, ó ń gbálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé àwọn eku yìí síta, kí tíṣà má baà lu abọ́ lónìí."

"Eku wo?" Bàbá ká aṣọ dúdú náà kúrò. Kéèjì ṣófo. "Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ti kó wọn lọ sí Ìbàdàn."

Mojọlá jókòó. Ibẹ̀ dákẹ́, àfi ìgbálẹ̀ bàbá lórí sìmẹ́ńtì. Ó dijú, nọ́ńbà náà sì jáde lẹ́nu rẹ̀ fúnra rẹ̀: "O, Y, méjì, méje, mẹ́rin, ọ̀kan, K."

Ìgbálẹ̀ dúró.

"Ọmọ yìí, ta ló sọ nọ́ńbà mọ́tò tíṣà fún ọ, èyí tí wọ́n ní kí n fi tapólì bò lẹ́yìnkùlé wọn?"