Eyín Iwájú Ọ̀gá Fèrè

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ti bá dí eyín rí.

1.
Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Fèrè. Òun ló ń fọn fèrè idẹ tó ń léwájú nínú ẹgbẹ́ olórin ìlú wọn. Bó bá ti gbé e sẹ́nu, gbogbo gbọ̀ngàn á pa rọ́rọ́. Ó mọ̀ ọ́n fọn, òun náà sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn, eyín iwájú rẹ̀ kan sì kán. Wọ́n bá a dí i, ó sì dà bí ẹni pé kò kán rí. Orí eyín yẹn gan-an ni ẹnu fèrè máa ń sinmi lé.

Ọdún gorí ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé etí ibi tí wọ́n dí náà ti ń dúdú.

"Olówó orí mi, eyín yín yìí ti ń pàwọ̀ dà o."

"Ṣé àwọ̀ eyín ni mo fi ń fọn fèrè ni?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ò bá a rẹ́rìn-ín. Ó rọ̀ ọ́ títí ó fi tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín.

2.
Dókítà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, fi irin tín-ín-rín kan eyín náà, ó sì ya fọ́tò rẹ̀.

"Bàbá, ohun tí wọ́n fi dí eyín yìí ti gbó. Ó ti là létí, kòkòrò sì ti ń jẹ eyín náà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká yọ ògbólógbòó yìí, ká tún un dí."

"Kò mà dùn mí, dókítà."

"Mo mọ̀, sà. Tá a bá dúró dìgbà tó máa dùn yín, ó lè ti bọ́ lọ́wọ́ wa."

Ẹ̀rù ba Ọ̀gá Fèrè, àmọ́ kì í ṣe ẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ètè rẹ̀ ti mọ eyín yẹn tinú-tòde. Bí wọ́n bá tún un ṣe tí kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ ńkọ́? Ohùn fèrè rẹ̀ ńkọ́? Ká ní ó bi dókítà ni, ì bá sọ fún un pé àwọn lè wọn eyín náà kí àwọn tó fọwọ́ kàn án, kó lè rí bákan náà. Ìgbéraga ò jẹ́ kó béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ìdíje tó wà níwájú yìí tán ná," ló wí, ó sì dìde.

3.
Wọ́n ṣe ìdíje tán, wọ́n gbégbá orókè. Ó ní ó di ẹ̀yìn òde orin mìíràn. Ó tún di ẹ̀yìn òmíràn. Bí ìyàwó bá ti dárúkọ dókítà, ọ̀gbẹ́ni á wábi gbà.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n fẹ́ ṣeré fún àwọn àlejò pàtàkì. Ó ń dán fèrè wò lẹ́yìn ìtàgé, ló bá gbọ́ "kán!" Ohun tí wọ́n fi dí eyín ti já bọ́ sórí ahọ́n rẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe! Ó sáré sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe létí títì, ó tọrọ gúlúù, ó sì fi lẹ̀ ẹ́ padà.

Ó fọn fèrè lọ́jọ́ yẹn, àwọn ènìyàn dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Ó délé, ó ń fi tayọ̀tayọ̀ ròyìn. Ẹkún ni ìyàwó bú sí.

"Gúlúù bàtà! Ṣé ẹnu yín ni bàtà ni?"

4.
Kò pẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wú. Ibà gbé e dè. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, ọyún ti wọ egungun. Wọ́n yọ eyín náà, wọ́n yọ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn.

"Dókítà, ṣé mo ṣì lè fọn fèrè?"

Dókítà jókòó tì í. "Ẹ̀mí yín la dúpẹ́ fún, Bàbá. Egungun tó yẹ kó di eyín tuntun mú ti jẹrà."

Wọ́n ṣe eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ fún un. Ó ń fi jẹun, ó ń fi rẹ́rìn-ín. Àmọ́ bó bá ti gbé fèrè lé e, á máa mì, afẹ́fẹ́ á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde fùù.

Ẹgbẹ́ ló ni fèrè. Nígbà tó yá, olórí ẹgbẹ́ wá gbà á, kò lè wo ojú rẹ̀. Ọ̀gá Fèrè ti nù ún títí ó fi ń dán.

"Ẹ sọ fún ẹni tẹ́ ẹ bá gbé e fún pé bọ́tìnnì àárín máa ń le díẹ̀," ló wí. "Kó máa rọra tẹ̀ ẹ́."

Ó sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Ìgbà tí mọ́tò lọ tán ló sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Dókítà sọ fún mi. Ìwọ náà sọ fún mi."

Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí wọ́n fi dí eyín kì í ṣe ti ayérayé. Ó ń gbó, ó ń là, bí kò tiẹ̀ dunni rárá. Ẹ jẹ́ kí dókítà máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má sọ pé ó dìgbà kan ná. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ sọ ọ́ síta, kí wọ́n lè fi yín lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀gá Fèrè ò béèrè. Lónìí, bí ẹgbẹ́ wọn bá ń ṣeré, ẹ̀yìn pátápátá láàárín òǹwòran ló máa ń jókòó sí, ìka rẹ̀ á máa tẹ itan bí ẹni ń tẹ bọ́tìnnì fèrè.